Ẹ̀jẹ̀ Àkàngbé

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní kí n pe òun ní Sìmíátù. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ní Sìmíátù pọ̀ ní Múṣín débi pé ẹni tó bá fẹ́ wá òun kiri, á kàn rẹ̀ ẹ́ lásán ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wa. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ló ti padà. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó wọlé, ó jókòó, ó sì ní, "Ẹ má dá mi lóhùn títí màá fi sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá dá mi lóhùn, màá dìde."

Mi ò dá a lóhùn. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò fi ata sí i. Bí inú bá bí yín sí i kí ẹ tó kà á tán, ẹ mọ̀ pé inú bí èmi náà.

Sìmíátù kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n fi í fún Àkàngbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta. Àkàngbé lágbára, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbélẹ̀. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo pa ènìyàn lábúlé. Wọ́n ní bàbá bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ parí ọ̀rọ̀ kó tó gbá a létí.

Àwọn ará ilé wọn kì í tijú bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́. "Ẹ̀jẹ̀ ni," wọ́n á ní. "Kí la fẹ́ ṣe sí i?" Wọ́n tiẹ̀ ti fi í sínú oríkì ilé wọn: ọmọ a-jà-má-bẹ̀bẹ̀, ọmọ a-gbá-ni-kó-tó-kí-ni.

Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn ni Àkàngbé fi bẹ́líìtì la orí Sìmíátù. Sìmíátù kó ẹrù rẹ̀, ó sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sàúdátù, tó ń ránṣọ ní Ìdí-Òro. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀.

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ni ẹ̀rọ ìránṣọ Sàúdátù bàjẹ́, wọ́n sì pe Fàsásì, ọkùnrin tó máa ń tún un ṣe. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó ju wákàtí kan lọ, Fàsásì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni Sìmíátù wí fún mi. "Ó kàn bi mí pé ta ló ṣe orí mi báyìí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Nígbà tí àwọn àgbà bá a bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì mú un padà sílé Àkàngbé, nǹkan oṣù rẹ̀ ti yẹ̀. Fàsásì ti kó lọ sí Kánò, kò mọ nǹkan kan, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Nígbà tí ọmọ dé ṣáájú àkókò tó yẹ, wọ́n ní ọmọ oṣù méje ni. Sàúdátù nìkan ló mọ iye oṣù tí ọmọ náà lò nínú.

"Ẹnu tìrẹ àti ẹnu tèmi ni," Sàúdátù sọ fún un lórí ìkúnlẹ̀. "Bí Àkàngbé bá gbọ́ èyí, òkú ni ọ́. Àti ìwọ àti ọmọ."

Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ọláìtán.

Ọláìtán rọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ tóbi, ìka rẹ̀ gùn. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó rí i tí wọ́n ń pa adìẹ ọdún, ó bú sẹ́kún, kò sì jẹ nínú ẹran náà. Àkàngbé gbé abọ́ sílẹ̀, ó wò ó.

"Ta lọmọ yìí jọ ná?" ló béèrè.

Sìmíátù ní, "Bàbá Ọláìtán, ọmọdé ló ń ṣe é."

"Nínú ilé tiwa, ọmọdé kì í sunkún adìẹ. Ẹní bíni là á jọ. Mo ní ta ló jọ?"

Láàárín oṣù kan, ó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́, bẹ́líìtì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u.

Ọjọ́ kejì ni ọmọ aládùúgbò kan gba gúgúrú lọ́wọ́ Ọláìtán. Ọláìtán sunkún wá sílé. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó dí i.

"Padà lọ," ó ní. "Bí o bá fi ẹkún wọlé yìí, èmi gan-an ni màá nà ọ́."

"Màámi, mi ò fẹ́."

"O fẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa òkúta kan, ó fi í sí ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí. Nígbà tó dé ibí yìí, mo ṣẹ́jú, nítorí mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Òun ló fi òkúta sí i lọ́wọ́.

Iwájú orí ọmọ kejì là. Ìyá ọmọ náà gbé e wá bá Àkàngbé nírọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó ń pariwo. Àkàngbé gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wo Ọláìtán. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ọmọ mi nìyí," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ mi kì í parọ́."

Ó gbé e kọ́ ọrùn lọ sí Ojú Ẹlẹ́gbà, ó ra súyà fún un. Àwọn méjèèjì fi ọ̀rá ẹran pa ẹnu padà wálé, inú ọmọ náà sì dùn bí kò ṣe dùn rí. Sìmíátù sùn dáadáa, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kan.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì pòṣé. Ó kù.

Láti ọjọ́ náà ni Sìmíátù ti mọ ohun tí yóò máa dáàbò bò ó. Bí Ọláìtán bá ti gbá ẹnì kan, ìyá rẹ̀ á kúnlẹ̀ lójú gbogbo ará ilé, á máa kì í: ọmọ a-jà-má-bẹ̀bẹ̀, ọmọ a-gbá-ni-kó-tó-kí-ni. Ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, tirẹ̀ ni. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìjà, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìyá yìí. Ìjà ọmọ rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ní ilé ìwé, Ọláìtán ṣẹ́ ọmọ kan lápá. Hẹ́dímásítà ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀.

"Ẹ bá wa ní sùúrù, sà," Sìmíátù bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ni."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ilé ìwé kò lè wò ó," hẹ́dímásítà dá a lóhùn. Wọ́n lé e. Àkàngbé ní kò burú.

Àkàngbé kú nígbà tí Ọláìtán jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo bi obìnrin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní kí n má sọ̀rọ̀, mo ní ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù ti kú, kí ló tún dì yín lẹ́nu? Kò dìde.

"Ọmọ náà ti fẹ́ràn rẹ̀," ó ní. "Fọ́tò rẹ̀ ló gbé kọ́ sókè ibùsùn. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni màá ní kó máa fẹ́ràn?"

Ó jọ òótọ́. Ìtìjú náà sì wà níbẹ̀, a ò ní tan ara wa.

Ọláìtán dàgbà, ó di oníṣòwò pákó, ó gbówó, ó ga, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo àwọn tó ń gé igi. Ọdún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀tún ní ìlú yìí ló fẹ́ Kíkẹ́, ọmọ Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ní Èbúté Mẹ́ta. Kíkẹ́ mọ̀wé. Ó ń tẹ lẹ́tà nínú ọ́fíìsì kan ní Yábàá. Wọ́n gba yàrá méjì ní Àgùdà, wọ́n bí obìnrin kan, Ọmọ́ṣaléwá.

Èyí tó kù, kò gba ọdún méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni wọ́n ránṣẹ́ pe Sìmíátù sí ilé Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé. Ó wọ pálọ̀, ó rí Kíkẹ́ lórí àga. Ojú rẹ̀ kan ti pa dé. Wọ́n fi báńdéèjì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọláìtán dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń sunkún gidi, ẹkún àgbàlagbà.

"Bàbá, kì í ṣe ìfẹ́ inú mi," ó ń wí. "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń gùn mí ni, ojú mi á ṣú. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ni. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí sí Sìmíátù. Kíkẹ́ náà gbé ojú kan tó kù sókè, ó wò ó.

"Ìyá Ọláìtán," Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, "mo ti múra tán láti gba ọmọ mi padà. Àwọn ẹrù rẹ̀ ti wà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín. Ṣé ìwà ni, àbí àrùn?"

Sìmíátù rò ó wò. Bó bá ní ìwà ni, ọmọ rẹ̀ pàdánù ìyàwó. Bó bá tún fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun gan-an pàdánù ọmọ. Ó wo Ọláìtán lórí ilẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, sà," ó ní. "Bí bàbá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó máa ń rọlẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ń lọ. Ti Àkàngbé náà rọlẹ̀."

Irọ́ ni. Ti Àkàngbé kò rọlẹ̀ títí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé mí kanlẹ̀. "Àrùn ni, nígbà náà," ó ní. "A kì í kọ aláìsàn sílẹ̀. Kíkẹ́, dìde, bá ọkọ rẹ lọ."

Kíkẹ́ dìde. Ó lọ kó ẹrù rẹ̀ jáde láti inú yàrá.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ, Ọláìtán di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ ṣé, Màmá," ó sọ fún un létí. "Mo ti ń rò pé ènìyàn burúkú ni mí. Ó ti yé mi báyìí." Ara rẹ̀ fúyẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò bẹ̀bẹ̀ mọ́ bó bá na Kíkẹ́ tán. Á kàn wẹ ọwọ́, á ní kó gbé oúnjẹ wá.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Kíkẹ́ gbé Ọmọ́ṣaléwá wá sí Múṣín. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ó jókòó, ó yọ ìwé ìròyìn kan nínú báàgì. Ó ti ká a wẹ́wẹ́ títí ó fi fẹ́ ya.

"Màmá, mo ti lóyún oṣù méjì," ó ní. "Mi ò sì ní bí i."

"Kíkẹ́, má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n kà á fún yín. Àwọn dókítà òyìnbó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, àwọn apànìyàn, àwọn tó máa ń lu ènìyàn. Wọ́n ní wọ́n rí nǹkan kan nínú ara wọn tí kò sí lára àwọn tó kù. Wọ́n bí i mọ́ wọn ni. Ara ọkùnrin ló sì máa ń wà." Ó ká ìwé náà padà. "Evelyn tó wà ní yàrá kejì wa, nọ́ọ̀sì ni, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán, pé àwọn òyìnbó náà ń jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Evelyn kò gbé nílé mi."

Sìmíátù ń wo ìwé náà.

"Ọmọ́ṣaléwá gan-an ti ń gé ọmọ jẹ," Kíkẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí èyí tó wà nínú mi bá jẹ́ ọkùnrin ńkọ́? Màá fún un lọ́mú, á dàgbà, á wá máa fojú ọmọ ẹlòmíì rí ohun tí mo ń rí yìí. Màmá, mi ò lè ṣe é."

Ó wá sún mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin lẹ bí Ọláìtán. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí ẹ̀jẹ̀ Àkàngbé kò fi ní dé ara ọmọ yìí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dúró síbí yìí ná. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu obìnrin yìí. Kò gùn. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá àfi ọmọ kékeré kan tó ń fi ìlèkè ṣeré. Ó ya ẹnu rẹ̀.

"Àdúrà ló máa gbà," ó ní.

Kíkẹ́ jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ó gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó lọ.

Ọjọ́ kejì ni Sìmíátù gba ọ̀dọ̀ Sàúdátù lọ. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́, fún Kíkẹ́ nìkan.

"Fún Kíkẹ́ nìkan!" Sàúdátù pa ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. "Ìyàwó tí ọkọ ń nà, o fẹ́ kó irú ọ̀rọ̀ yẹn fún un? Ọjọ́ tí wọ́n bá jà ló máa sọ ọ́ síta. O ti fi ẹnu rẹ pamọ́ láti ọgbọ̀n ọdún, ṣé ìsinsìnyí lo fẹ́ fi pa ara rẹ?"

"Ó ní òun máa ṣẹ́ oyún náà, Àǹtí mi."

"Obìnrin ń sọ ọ́, wọn kì í ṣe é. Jẹ́ kó sinmi."

Ó jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, kò lè jókòó mọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Àgùdà. Ó ti pinnu. Ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ sínú títí ó fi dé ibẹ̀.

Kíkẹ́ kò sí nílé. Evelyn ló dá a lóhùn, Ọmọ́ṣaléwá ń sùn léjìká rẹ̀.

"Ó ní òun fẹ́ lọ rí Daddy rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, Mama. Ó ní kí n bá òun mú ọmọ yìí dání títí di ọ̀sán."

Sìmíátù dúró fún ìgbà díẹ̀, ó padà sílé. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé inú òun dùn. Inú rẹ̀ dùn pé òun kò bá a. Ó ní lójú ọ̀nà, ara òun fúyẹ́, òun tiẹ̀ ra ọsàn.

Kíkẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò yẹn tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé kan tí wọ́n ti ń ta epo kẹrosíìnì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Evelyn sáré dé Múṣín, aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku.

"Mama, abeg, ẹ wọ bàtà. Kíkẹ́ wà ní ọsibítù. Kò sọ fún mi o, I swear, bó bá sọ fún mi ni, mi ò bá dì í mú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dà nù jù."

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Kíkẹ́ ṣì wà láàyè. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ọláìtán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Kíkẹ́ rí ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi ìka pè é.

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. "Ọmọ ọmọ yín ni mo pa. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ yẹn ló bà mí. Ẹ dárí jì mí."

Sìmíátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo ti dárí jì ọ́," ó ní.

Ó dárí jì í. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, mi ò fi kún un. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán lù, Kíkẹ́ ti kú.

Ọjọ́ kẹjọ, àwọn ènìyàn pé sí pálọ̀ Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, pálọ̀ kan náà. Ọláìtán jókòó lẹ́nu ọ̀nà, Sìmíátù jókòó lórí àga tó jókòó sí lọ́jọ́sí, Sàúdátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà tán, wọ́n ń pín bísíkíìtì fún àwọn ọmọdé. Ọmọ kan gba ti Ọmọ́ṣaléwá. Ọmọ́ṣaléwá gbá a lójú, ó gba bísíkíìtì rẹ̀ padà.

Obìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pòṣé. "Ẹ fi í sílẹ̀ o," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ Àkàngbé nìyẹn."

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Sìmíátù ti rí irú ìwò yẹn rí. Ojú Àkàngbé ló ti rí i.

"Ìyá Ọláìtán," ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ nígbà tó yá, "ẹ má bínú. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ọmọ yìí dání. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ló pa ìyá rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó dàgbà nínú ilé mi, mi ò sì fẹ́ máa wò ó kí n máa retí ọjọ́ tó máa ṣe ti bàbá rẹ̀."

Ọmọ́ṣaléwá ń jẹ bísíkíìtì rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì.

Sìmíátù dìde dúró. Ó ní òun kò mọ ìgbà tí òun dìde.

"Kò sí ẹ̀jẹ̀ Àkàngbé lára ọmọ yìí," ó ní. "Kò sí lára bàbá rẹ̀. Kò sí lára oyún tí Kíkẹ́ lọ ṣẹ́."

"Kí lẹ wí?"

"Àkàngbé kọ́ ló bí Ọláìtán."

Sàúdátù fi ọwọ́ bo ojú. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Kí n tó bí i, sà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo bi yín léèrè, tí ẹ jókòó sórí àga yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kíkẹ́ bi yín?"

"Ó bi mí, sà. Ó di orúnkún mi mú."

Ọkùnrin arúgbó náà kò pariwo. Ó ṣe bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó lọ gbé Ọmọ́ṣaléwá nílẹ̀, ó gbé e lé itan, ó fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀.

"Ẹ máa lọ, Ìyá Ọláìtán," ó ní. "Ọmọ yìí ò lọ síbì kankan."

Nígbà náà ni gbogbo ènìyàn rántí Ọláìtán. Gbogbo wọn yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó jókòó sún mọ́ ọn rọra ń sún àga wọn sẹ́yìn. Wọ́n ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọláìtán kò ṣe nǹkan kan. Ó wo ìyá rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Sìmíátù ń jẹun nítòsí ilẹ̀kùn, ó sì ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu kí àwọn ará ilé lè gbọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ó gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wọlé. Kò fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ọláìtán kò lu ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ibùsùn ìyá rẹ̀.

"Ta ni, Màmá?"

"Fàsásì lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe."

"Ó wà láàyè?"

"Ó ti kú. Ó pẹ́."

"Ó ga?"

"Ó ga. Ìka rẹ̀ gùn bíi tìrẹ."

"Ó máa ń jà?"

"Rárá."

"Kò lù yín rí?"

"Kò lu ẹnikẹ́ni rí, Ọláìtán. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ní ṣọ́ọ̀bù, kò jà. Ewúrẹ́ jẹ oúnjẹ rẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín."

Ọláìtán ń fi orí sọ pé òun gbọ́. Ó ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń ka nǹkan tí kò yé e.

"Mo ti máa ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ni," ó ní. "Bí mo bá nà án tán, mo máa ń wo fọ́tò yẹn, màá ní bàbá mi ni, èmi kọ́. Mo lu Kíkẹ́ títí ó fi lọ kú. Bí kò bá sí lára Fàsásì, tí Àkàngbé kò sì bí mi, níbo ni mo ti rí i, Màmá?"

Sìmíátù kò lè dáhùn. Ọláìtán dúró dè é títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó wá dìde, ó jáde lọ, kò sì padà sí Múṣín láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó sọ ibí yìí tán, mo bi obìnrin yìí ìdí tó fi wá bá wa, nítorí kò béèrè owó, kò sì béèrè àánú. Ó ní Ọláìtán kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá láìka ìwé wa yìí, ibi yòówù kó wà, á kà á. Ó ní kí n bá òun kọ èsì ìbéèrè tó bi òun síbí bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ọláìtán, ìyá rẹ ní lọ́dọ̀ òun lo ti rí i.